Òfin ìbọn 1994 tó parí ní 2004: owó èwo ló já, owó èwo ni kò já?

Ọmọ Ògún
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ọjà ìbọn àtijọ́ ní Amẹ́ríkà ni mo gbé wá. Kò sí gbàǹjo tí ènìyàn wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní bá "pre-ban" pàdé, ìyẹn pé ó ti wà ṣáájú òfin tó dá irú rẹ̀ dúró: lára Colt, lára HK91, lára Steyr AUG, kódà lára mágásíìnì lásán, àpótí tí ọta ìbọn ń wà nínú rẹ̀. Òfin tí wọ́n fi ń polówó yìí ti parí láti 2004. Owó èwo ló ṣì ní ìdí nínú gbogbo rẹ̀, èwo ló jẹ́ pé òkú òfin ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹni?

Bàbá Ìsọ̀
Òfin mẹ́ta ni àwọn ọlọ́jà máa ń lọ́ pọ̀ bí okùn, tí wọ́n á wá pe gbogbo rẹ̀ ní pre-ban. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní ọjọ́ ikú nínú wọn.

Ti àkọ́kọ́ ni ti 19 oṣù Karùn-ún 1986. Láti ọjọ́ yẹn, ìbọn arọ̀jò-ọta tuntun kò ṣeé fi orúkọ ará ìlú sílẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Èyí tó ti wà nínú ìwé ṣáájú nìkan ló ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Òfin yìí kò ní ọjọ́ ìparí. Iye ìbọn náà kò lè pọ̀ sí i láé, ó kàn ń dín kù ni, nítorí náà M16, ìbọn arọ̀jò-ọta àwọn ológun, tó wà nínú ìwé ti kọjá 30,000 dọ́là báyìí.

Ìkejì ni ti 1989. Ìjọba Ààrẹ George H. W. Bush ló dá kíkó oríṣi ìbọn ológun 43 wọlé láti òkè òkun dúró, fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kẹta, pátápátá ní oṣù Keje. HK91, Steyr AUG, Galil àti FN FAL wà níbẹ̀. Òun náà kò ní ọjọ́ ìparí.

Ìkẹta ni èyí tí Ààrẹ Clinton buwọ́ lù ní 13 oṣù Kẹsàn-án 1994. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin náà fúnra rẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá ni. Nígbà tí ilé aṣòfin kò tún un ṣe, ó parí ní 13 oṣù Kẹsàn-án 2004.

Kí ẹ tó ná ìbọn kankan, ẹ bi ara yín pé ọjọ́ wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló di owó rẹ̀ mú. Bó bá jẹ́ ti 1994 nìkan, ilẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tipẹ́.

Akàwé
Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti ìkẹta, torí òun gan-an ni ìbéèrè. Ohun tí òfin 1994 kọ̀ ni ìbọn gígùn tó ń kì ara rẹ̀, tó ní mágásíìnì tó ṣeé yọ, tó tún ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú nǹkan márùn-ún: ìdí ìbọn (apá ẹ̀yìn tí a ń gbé ti èjìká) tó ń ká tàbí tó ń sún, ìdìmú tó yọ síta lábẹ́ bíi ti ìbọn ìléwọ́, ibi tí a ń so ọ̀bẹ mọ́, ohun tí ń bo iná ẹnu ìbọn tàbí ẹnu tí wọ́n ti gé tírẹ́ẹ̀dì sí, àti ohun tí a fi ń ta bọ́ǹbù. Yàtọ̀ sí èyí, ó dárúkọ àwọn kan ní tààrà.

AR-15, ìbọn ará ìlú tó jọ M16, kò lè ṣe kó má ní ìdìmú yẹn, ó ti jẹ ọ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ ní òmíràn mọ́. Ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1994 sí 2004 fi ní ìdí tí kò sún, ẹnu tí kò ní tírẹ́ẹ̀dì, tí ibi ìsọ̀bẹ sì ti di fífá. Bí wọ́n bá fẹ́ fi irin kan sí ẹnu rẹ̀, wọ́n ní láti jó o pa pẹ̀lú sódà fàdákà tí kì í yọ́ títí ooru fi dé 1,100 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, tàbí kí wọ́n gbá pínnì sí i kí wọ́n sì wẹ́ẹ̀dì orí pínnì náà.

Ẹ wò ó: nǹkan tí òfin náà mú ṣọ̀wọ́n kò ju tírẹ́ẹ̀dì, ibi ìsọ̀bẹ àti ìdí tó ń sún lọ. Nígbà tó parí, ilé-iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo rẹ̀ sí tuntun, ẹni tó sì ní ti àárín ọdún mẹ́wàá náà lè pààrọ̀ ọ̀pá ìbọn rẹ̀ nílé. Àlékún owó kò rí nǹkan dì mú.

Òfin yìí kan náà tún kọ orúkọ ìbọn tó lé ní 600 sílẹ̀ pé òun kò kàn wọ́n. M1 Garand wà níbẹ̀, M1 Carbine wà níbẹ̀, Ruger Mini-14 tí ìdí rẹ̀ kì í ká náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ "pre-ban" sára Garand, yálà kò mọ nǹkan kan ni o, tàbí ó rò pé ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀.

Ìyá Gbàǹjo
Ẹ kú iṣẹ́, Akàwé. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí owó ṣe ń rìn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń jóná.

Owó kì í dúró de òfin. Jeffrey Roth àti Christopher Koper ṣe ìwádìí lórí òfin 1994, tí National Institute of Justice tẹ̀ jáde ní 1999. Wọ́n rí i pé nígbà tí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀ ní 1993 àti 1994, owó àwọn ìbọn tí ọ̀rọ̀ kàn gòkè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń kó ìbọn jọ rò pé yóò di ọ̀wọ́n. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn náà kò sùn. Ní 1994 nìkan, wọ́n ṣe kún ti tẹ́lẹ̀ débi pé àfikún náà ju ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́dún kan gbáko lọ. Òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tán, ọjà kún àkúnya, owó sì padà sún mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó wà níbẹ̀ títí di àárín 1996 ó kéré tán. Ẹni tó rà ní ìgbà ooru 1994, tó sì fẹ́ tà ní 1995, gbèsè ló jẹ.

Ìgbà tó yá ni AR-15 ti ṣáájú òfin wá wọ́n gan-an, nígbà tí èyí tó wà lọ́jà ti wọ inú àpótí irin àwọn tí kò fẹ́ tà mọ́. Owó yẹn ló fọ́ ní 2004.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbẹ̀rù ní oṣù Kejìlá 2012 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2013, lẹ́yìn ìpànìyàn ilé-ẹ̀kọ́ Sandy Hook. Gbogbo ayé rà á ní ìlọ́po. Àbá òfin tuntun wá ṣubú ní ilé aṣòfin àgbà ní 17 oṣù Kẹrin 2013, ìbò 40 sí 60, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ìmọ̀ràn mi: nígbà tí àbá òfin bá wà lórí tábìlì, ìgbà títà ni, kì í ṣe ìgbà rírà.

Atúnbọ̀nṣe
Lórí Colt. SP1 tí Colt bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún ará ìlú ní ọdún 1964 ni ọ̀pọ̀ ń wá. Owó rẹ̀ kò sinmi lé òfin 1994 mọ́. Ọjọ́ orí rẹ̀, àìpààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀, àti bó ṣe jọ ìbọn ogun Vietnam ni owó rẹ̀. Ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò:

Lẹ́tà SP gbọ́dọ̀ ṣáájú nọ́ńbà ara rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, íǹṣì 20, ìlà inú rẹ̀ ń yí ẹ̀ẹ̀kan ní íǹṣì 12. Ara òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lápá ọ̀tún, kò sí bọ́tìnnì tí a fi ń ti bóòtì (irin tó ń ti ọta wọ ọ̀pá) síwájú. Ààbò ọwọ́ onígun mẹ́ta.

Ibi tí wọ́n ti máa ń gbá àwọn ènìyàn ni ìdè iwájú, níbi tí ara òkè àti ìsàlẹ̀ ti pàdé. SP1 ní ihò ńlá, íǹṣì 0.315, ìdè rẹ̀ sì jẹ́ ìdè yíyí tó ní ojú síkùrúdíráfà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ AR-15 ti ilé-iṣẹ́ mìíràn ní íǹṣì 0.250 àti pínnì tí a ń tì pẹ̀lú ìka. Bí ẹ bá rí pínnì àtọwọ́dá tí apá kan rẹ̀ sanra, tí apá kejì tín-ín-rín, ara òkè tuntun ni wọ́n gbé lé ìsàlẹ̀ àtijọ́. Ìbọn yẹn ṣì ń yìn dáadáa o, àmọ́ ẹ má san owó akóǹkanjọ lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ibi ìsọ̀bẹ nìkan mọ ọjọ́ orí. Colt fúnra rẹ̀ ti ń mú un kúrò lára ti ará ìlú láti 1989, ọdún márùn-ún ṣáájú òfin. Èyí tí wọ́n kọ Match Target sí lára kì í ṣe ti ṣáájú òfin.

Bí wọ́n bá ti kùn ún ní àkùntún, ẹ sá. Ojú irin tó ti pàwọ̀ dà láti ilẹ̀ sàn ju ojú dúdú kirikiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

Ọmọ Ògún
Mo dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ń ta rìsífà nìkan, ìyẹn ara ìbọn tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, pé wọ́n ṣe é ní 1993, pé pre-ban ni. Ṣé ó tọ́?

Akàwé
Kò tó. Nígbà òfin yẹn, ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbọn, kò ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe rìsífà nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ti jẹ́ odindi ìbọn tó ní àwọn àmì méjì náà lára, tàbí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ ní ọwọ́ ẹnì kan náà, nígbà tó fi máa di 13 oṣù Kẹsàn-án 1994. Rìsífà tó wà nínú páálí ní ilé ìtajà lọ́jọ́ yẹn kò di pre-ban láé. Ìwé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó sọ ọjọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, àti pé odindi ni ó kúrò, ni ẹ̀rí.

Lónìí, ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, kò já mọ́ nǹkan kan mọ́ lábẹ́ òfin. Àmọ́ ìpínlẹ̀ kan kò jẹ́ kí tiwọn kú. Massachusetts kọ òfin 1994 náà sínú ìwé tiwọn ní 1998, ní 2004 wọ́n sì rí i dájú pé kò bá ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Fún ogún ọdún lẹ́yìn náà, AR-15 kan náà ní owó méjì: ní New Hampshire, ìbọn lásán, bí ẹ bá kọjá ààlà, pre-ban. Wọ́n tún òfin Massachusetts ṣe ní 2024, nítorí náà ẹ bi oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ní ibẹ̀ gan-an kí ẹ tó fi owó sílẹ̀. Owó ìpínlẹ̀ kan kì í ṣe owó orílẹ̀-èdè.

Ọlọ́dẹ Texas
Mágásíìnì wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni òfin ti fojú hàn jù. Láàárín 1994 sí 2004, èyí tó bá gba ju ọta 10 lọ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, kò ṣeé tà fún ará ìlú. Ti ọlọ́pàá àti ológun ni wọ́n ń tẹ "RESTRICTED LAW ENFORCEMENT/GOVERNMENT USE ONLY" sí. Ti Glock àtijọ́ wọ́n bí ojú nígbà yẹn, torí kò sí ibi tí tuntun yóò ti wá. Ilẹ̀ 14 oṣù Kẹsàn-án 2004 mọ́, ilé-iṣẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó tán.

Àwọn kan ṣì ń ta èyí tí ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ní owó gegele, pé "ti ọlọ́pàá" ni. Mágásíìnì lásán ni. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ẹnikẹ́ni lè ní in láti 2004. Àmọ́ ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ yín.

Ti California náà kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Wọn kò gbà kí wọ́n ta èyí tó ju 10 lọ láti 2000. Ní 29 oṣù Kẹta 2019, adájọ́ kan pa òfin náà rẹ́. Nígbà tó fi di 5 oṣù Kẹrin, wọ́n ti dá ìdájọ́ náà dúró. Nínú ọ̀sẹ̀ kan yẹn, ilé ìtajà ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn fi ọjà ránṣẹ́ débi pé àtẹ wọn ṣófo. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wá ti òfin náà lẹ́yìn ní oṣù Kẹta 2025. Ẹni tó rà ní ọ̀sẹ̀ náà, kó tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìsanwó rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju mágásíìnì fúnra rẹ̀ lọ.

Bàbá Ìsọ̀
Ẹ jẹ́ ká padà sí ti 1989, torí pé òun ló ṣì ń gbé owó ró títí dòní. HK91 tí Jámánì ṣe kò tún wọlé fún ará ìlú mọ́. Amẹ́ríkà ń ṣe èyí tó jọ ọ́, PTR-91, ó sì ń yìn bíi rẹ̀. Kí ló dé tí HK91 kò wálẹ̀? Torí pé ọjà pín sí méjì. Ẹni tó fẹ́ yin ìbọn lọ ra PTR. Ẹni tó fẹ́ kó ìbọn jọ kò fẹ́ ohun tó jọ ọ́. Bí PTR kò bá sí, HK91 ì bá wọ́n jù báyìí lọ.

Ọdún HK wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà méjì. A jẹ́ 0, B jẹ́ 1, C jẹ́ 2, D jẹ́ 3, E jẹ́ 4, F jẹ́ 5, G jẹ́ 6, H jẹ́ 7, I jẹ́ 8, K jẹ́ 9. Wọ́n fo J. IH jẹ́ 87, ìyẹn 1987. Ẹ tún wá orúkọ ẹni tó kó o wọlé, bíi HK Inc. ní Chantilly, Virginia. Ní ti Steyr AUG, Gun South Inc. ti Trussville, Alabama ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àkókò yẹn wọlé. Bí kò bá sí orúkọ akówọlé, ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Atúnbọ̀nṣe
Ohun tó tẹ̀lé 1989 ni òfin 1990 tí a ń pè ní 922(r). Òun ló máa ń kó àwọn tó fẹ́ "dá ìbọn padà sí bó ṣe wà" sí wàhálà. Àtòjọ ẹ̀yà 20 ni: rìsífà, ọ̀pá, bóòtì, ohun tó gbé bóòtì, písítìnnì gáàsì, tírígà, òòlù, ìdí, ìdìmú, ààbò ọwọ́, ara mágásíìnì, abẹ́ rẹ̀, ohun tó ń ti ọta sókè nínú rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbọn irú èyí tí a bá tò jọ kò gbọ́dọ̀ ní ju 10 lọ tó ti òkè òkun wá.

Ẹ mú MAK-90 ti Norinco, AK láti Ṣáínà, tí wọ́n kó wọlé lẹ́yìn 1989 pẹ̀lú ìdí onígi tó ní ihò àtàǹpàkò. Bí ẹ bá yọ ìdí yẹn kúrò, tí ẹ fi ìdìmú sí i, ẹ ka ẹ̀yà rẹ̀ tó wà nínú àtòjọ. Bó bá jẹ́ 15, ó kéré tán 5 gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Tírígà, òòlù àti ohun ìdádúró òòlù jẹ́ 3. Ìdí àti ìdìmú jẹ́ 2. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi mágásíìnì Amẹ́ríkà ka 3 sínú ìṣirò. Ó bófin mu, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá ki mágásíìnì ilẹ̀ òkèèrè bọ̀ ọ́, ìṣirò ti wó.

Lójú tèmi, ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Clinton dá ìbọn Ṣáínà dúró ní oṣù Karùn-ún 1994 ní ọ̀tọ̀, èyí náà kò ní ọjọ́ ìparí, MAK-90 tó wà bó ṣe wọlé sì ń di ohun àkójọ fúnra rẹ̀. Ìbọn SKS ti Ṣáínà tí wọ́n ń tà ní owó tí kò tó 100 dọ́là nígbà kan, ẹ wo iye tó ń jẹ́ báyìí.

Akàwé
Ìparí kan tún wà tí kò sí nínú òfin mẹ́ta yẹn: ọdún 50. Ìbọn tó bá pé àádọ́ta ọdún, tí ó sì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, wọ inú ẹ̀ka ohun àtijọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ akóǹkanjọ, 30 dọ́là fún ọdún 3, lè rà á láti ìpínlẹ̀ mìíràn kí ó dé ilé rẹ̀ tààrà, láìsan 20 sí 50 dọ́là tí oníṣòwò ń gbà lórí gbígbà á. Ti 1976 pé ní 2026. Ìdí mìíràn rè é tí SP1 tí ẹ̀yà ara rẹ̀ pé fi ń ya èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ sílẹ̀: àyípadà lè yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ka náà. Òfin ìpínlẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ o.

Èyí tó wà kí 1899 tó dé kò tilẹ̀ jẹ́ ìbọn lójú òfin ìjọba àpapọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bí ṣakabùlà tí a ń kì láti ẹnu.

Láti 1 oṣù Kìíní 2026, owó orí 200 dọ́là ti di òdo lórí ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú àti ohun tí ń pa ariwo ìbọn. Ti arọ̀jò-ọta ṣì jẹ́ 200. Owó orí ló lọ, ìforúkọsílẹ̀ kò lọ.

Ìyá Gbàǹjo
Fún àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀: ẹni tó wà lórí físà àbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ra ìbọn àfi tó bá ní ìwé ọdẹ tàbí àyọsílẹ̀ mìíràn tí òfin kọ, ẹni tó ní káàdì ìgbélùú pátápátá lè rà. Ẹ má ṣe ronú àtifi Garand ránṣẹ́ sílé gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn gígùn ológun, 7.62 mm àti .300, sí ohun èèwọ̀.

Ní gbàǹjo, ẹ má wo iye tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo iye tí wọ́n tà á gan-an nínú oṣù mẹ́ta tó kọjá. Ẹ fi owó tí ilé gbàǹjo ń gbé lé e kún un, owó ìfiránṣẹ́, owó oníṣòwò. Bí ẹ bá rà á tán, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tó ní fóòmù tàbí àpò awọ. Wọ́n ń fa omi, ìpẹta sì ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibi tó fara kàn án. Àpótí irin, ọ̀rinrin bíi 50 nínú ọgọ́rùn-ún, òróró fẹ́ẹ́rẹ́.

Ọmọ Ògún
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. HK91 kan wà lórí gbàǹjo báyìí, lẹ́tà IE ló wà lára rẹ̀. Olùtajà ní wọ́n ṣe é ní 1989, "èyí tó wọlé kẹ́yìn", ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi lé 900 dọ́là lórí owó tí àwọn yòókù ń lọ.

Bàbá Ìsọ̀
IE, 84. Ti 1989 yóò jẹ́ IK. Yọ 900 yẹn kúrò, kí o sì ní kó fi fọ́tò orúkọ akówọlé ránṣẹ́ kí o tó ná ìyókù.